Ilà Méjì ní Ọwọ́ Búláòsì

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kò ju mọ́kànlá lọ. Àgbàlagbà ni gbogbo wọn, àwọn tí ìwé já bọ́ lọ́wọ́ wọn nígbà èwe, tí wọ́n tún padà wá ń wá a kiri. Ọ̀sán Sátidé la máa ń pàdé, láti aago méjì sí aago márùn-ún, nínú yàrá kan lókè ilé ìtẹ̀wé. Bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀, àwọn tábìlì á máa gbọ̀n, pẹ́ńsùlù á sì máa yí lọ fúnra rẹ̀. Lítíréṣọ̀ ni mò ń kọ́ wọn. Lásìkò tí mò ń sọ yìí, ìdánwò ìwé-ẹ̀rí wọn ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Kì í sí ọdún tí ìdánwò yẹn kì í béèrè ẹ̀dà-ọ̀rọ̀. Wọ́n á tẹ́ àyọkà kan síwájú ènìyàn, wọ́n á ní kó sọ irú ẹ̀dà-ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀. Oríṣi mẹ́ta ni ìwé wa kà. Mo bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó rọrùn.

"Oríṣi kìíní," mo ní, "ẹnu ń sọ ọ̀kan, inú ń sọ òdìkejì. Ta ló ní àpẹẹrẹ?"

Aránṣọ nawọ́; iṣẹ́ oníkálukú la fi ń pè é ní kíláàsì wa. Obìnrin tó sanra ni, tó máa ń fi abẹ́rẹ́ há ọrùn aṣọ rẹ̀ bí ẹni wọ ọ̀ṣọ́. "Bí ọkọ mi bá lóun ń lọ ra búrẹ́dì ní aago mẹ́rin," ó ní, "tó dé ní aago méje, tí kò sì mú búrẹ́dì kankan bọ̀, mo máa ń sọ pé, 'Ẹ káàbọ̀ o, ẹ mà tètè dé.'"

"Kí lòun máa ń dáhùn?" Awakọ̀ béèrè.

"Ó máa ń ní, 'Mo sáré ni.'"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ó forúkọ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún kíláàsì ọdún tó ń bọ̀.

"Oríṣi kejì," mo ní, "ohun tí a ń retí kọ́ ló ṣẹlẹ̀. Òdìkejì rẹ̀ gan-an ló ṣẹlẹ̀, bí ẹni pé wọ́n ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́."

Èyí bọ́ sí Awakọ̀ lọ́wọ́. Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré ló ń wà, ó ń pín ẹrù fún àwọn ilé iṣẹ́ káàkiri ìlú. "Ọ̀gá wa tó ń kọ́ wa bí a ṣe ń wakọ̀ jẹ́jẹ́," ó ní, "òun ló fọkọ̀ kọlu pátákó. Ohun tí wọ́n kọ sára pátákó ọ̀hún ni 'Ẹ Rọra.'"

Orí oríṣi kẹta ni ọkọ̀ wa ti kú. Mo ṣàlàyé pé àwa tí à ń kàwé mọ ohun kan, ẹni tó wà nínú ìtàn kò mọ̀ ọ́n, ohun náà sì kàn án gbọ̀ngbọ̀n. Òun ń rẹ́rìn-ín, àwa ni ara ń ta. Wọ́n ní ó yé wọn. Mo fún wọn ní àyọkà, wọ́n dáhùn, kò yé wọn. Mo tún un sọ, mo yàwòrán sójú pátákó, ènìyàn kan kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn, ènìyàn kejì ń yọjú. Kò sí èyí tó gbà á nínú wọn, àfi bí ẹni pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń yí orí kúrò níbẹ̀.

Mo wá fún wọn níṣẹ́ àmúrelé. Kí oníkálukú kọ ìtàn ojú-ewé méjì, kí ó jẹ́ pé òǹkàwé mọ ohun kan tí ẹni inú ìtàn kò mọ̀. Kí wọ́n má kọ orúkọ sí i.

Bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Wọ́n á ká ìwé wọn sí mẹ́rin, wọ́n á jù ú sínú páálí bàtà kan, màá mú un lọ́kọ̀ọ̀kan lójú gbogbo wọn, màá sì kà á sókè. N kì í kà á nílé ṣáájú. Mo fẹ́ gbọ́ ọ pẹ̀lú wọn, kí n má baà ti mọ ẹni tí màá bojú wò. Ìdí rẹ̀ ni pé nígbà tí èmi fúnra mi ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, olùkọ́ wa gbé ìwé mi sókè, ó ka orúkọ mi, ó ka àṣìṣe mi kan tẹ̀ lé òmíràn, ó sì ní kí ẹni tó mọ aṣọ lọ̀ máa lọ aṣọ rẹ̀. Àwa mọ́kàndínlógún la wà níbẹ̀. Mo lè sọ ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan jókòó sí títí dòní.

Ilé alágbàfọ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mo pé márùndínlọ́gbọ̀n kí n tó kúrò. Áyọ́ọ̀nù ẹlẹ́ẹ̀édú la ń lò. Ọdún mọ́kànlá, àpá iná mẹ́fà, mẹ́rin lọ́wọ́ òsì, méjì lọ́tùn-ún. Búláòsì kan ṣoṣo ni mo ń wọ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Nígbà tí ìpẹ̀kun ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú, mo ká a sínú ní ìwọ̀n ìka méjì, mo fi ṣóńṣó áyọ́ọ̀nù fa ilà kékeré méjì tó pàdé níbi ojú rírán, aṣọ náà sì dúró gan-an bíi pé láti ọ̀dọ̀ aránṣọ ló ti rí bẹ́ẹ̀. Ọdún méjì ni mo fi bo ìtìjú mi báyìí. Èmi ni mo dá ọgbọ́n yẹn, mo sì ń fi í sára gbogbo aṣọ mi títí di àìpẹ́ yìí. Mi ò rí i lára aṣọ ẹlòmíràn rí.

Lọ́jọ́ tí mo kúrò níbẹ̀, mo búra pé ẹsẹ̀ mi kò ní tẹ ilé alágbàfọ̀ mọ́ láyé mi. Mo sì pa ìbúra náà mọ́ fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ìtàn yìí kì í ṣe àjèjì sí kíláàsì mi. Bí mo bá ti la ẹnu pé, "Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá," Awakọ̀ á ti gbà á lẹ́nu mi: "Ọdún mọ́kànlá, Tíṣà. Àpá mẹ́fà." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni mo bí. Ó gba ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn apòògùn, ní ìlú tó tó ìrìn ọkọ̀ wákàtí mẹ́rin sí tiwa. Ọdún kẹta ló wà. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú la máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Gbogbo ohun tí mo là kọjá, orí ọmọ yẹn ni mo kó o lé. Bí ó bá di apòògùn, a jẹ́ pé iná tó jó mi kò jó mi lásán. Mo máa ń sọ nípa rẹ̀ fún kíláàsì mi ní Sátidé kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á ní, "Ẹ kú oríire, Tíṣà." Ohùn wọn máa ń rọlẹ̀ bí wọ́n bá ń sọ ọ́. Ọ̀wọ̀ ni mo kà á sí.

Ẹni tó dàgbà jù nínú wọn ni Alágbàfọ̀. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ó máa ń jókòó sẹ́bàá fèrèsé, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, èjìká mi ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, dókítà sì ní kí n sinmi áyọ́ọ̀nù. Bàbá yìí ló ní kí n máa kó aṣọ mi fún òun. Mo ní n kò lè dé ibẹ̀ o. Ó ní kò burú, òun á máa gba báàgì náà lọ́wọ́ mi ní Sátidé kan, òun á dá a padà ní Sátidé kejì. Iṣẹ́ náà mọ́ ju bí mo ṣe rò lọ. Mo mọ iṣẹ́ tó mọ́ bí mo bá rí i. Nígbà kan mo fi agolo ìpara rán bàbá náà. Mo ní, "Ẹ fún ẹni tó ń lọ aṣọ mi. Mo mọ ohun tí ooru ń ṣe fún awọ ọwọ́." Ó gbà á, ó wo ilẹ̀, ó ní, "Màá jíṣẹ́, Tíṣà."

Sátidé tí wọ́n dá iṣẹ́ àmúrelé padà ni ọ̀rọ̀ dé. Búláòsì funfun tuntun kan ni mo wọ̀. Mo rà á ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, ó gbóòórùn ilé ìtajà, mo sì fi ránṣẹ́ tààrà sí ilé alágbàfọ̀ láì tíì wọ̀ ọ́.

Mo ka ìtàn mẹ́ta àkọ́kọ́. Ọ̀kan dá lórí ọkùnrin tó ń wá ìgò ojú rẹ̀ kiri nígbà tó há a sí orí. Gbogbo wọn mọ ẹni tó kọ ọ́, nítorí pé Aránṣọ ló ń rẹ́rìn-ín jù. Ìtàn kẹrin, bébà rẹ̀ le díẹ̀, ìkọ̀wé rẹ̀ tóbi, ó fì sápá kan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà:

"Agbẹ̀bí kan wà tí aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń funfun ju ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Apá ń dùn ún, nítorí náà kì í lọ aṣọ fúnra rẹ̀ mọ́. Ó ń fi í ránṣẹ́. Kò dé ibi tí wọ́n ti ń lọ ọ́ rí, nítorí ó ní ojú òun ti rí tó. Ẹni tó ń bá a lọ aṣọ mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó mọ ìwọ̀n ọrùn rẹ̀. Ó mọ bọ́tìnnì tó máa ń já. Ó mọ ẹ̀gbẹ́ tó máa ń fi sùn, nítorí ọmọ rẹ̀ ni. Agbẹ̀bí rò pé ọmọ òun wà ní ibi tó jìnnà."

Mo gbójú sókè. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi nínú. Ọ̀sẹ̀ kan péré, ẹnì kan nínú wọn ti gba oríṣi kẹta.

"Ẹ gbọ́ iṣẹ́," mo ní. "Ẹ gbọ́ ẹni tó lóye. Kí ni àwa mọ̀ tí agbẹ̀bí kò mọ̀?"

Gbogbo wọn tẹjú mọ́ tábìlì. Mo rò pé ìtìjú ló ń ṣe ẹni tó kọ ọ́.

"Aránṣọ, dá mi lóhùn."

"Ọmọ rẹ̀ ni, Tíṣà." Ó ń tún abẹ́rẹ́ ọrùn aṣọ rẹ̀ ṣe.

"Ó dáa. Irú ènìyàn wo lẹ rò pé agbẹ̀bí yìí jẹ́? Awakọ̀."

"Ènìyàn dáadáa ni."

"Ènìyàn dáadáa tí kò mọ iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ rẹ̀? Agbéraga ni. Ó ní ojú òun ti rí tó, òun kò lè dé ibẹ̀. Bí ó bá dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìtàn parí. Àbí mo purọ́?"

"Ẹ ò purọ́, Tíṣà," ni Awakọ̀ wí. Ó ń fi èékánná yọ nǹkan kan lára tábìlì. "Ẹ jẹ́ ká lọ sí òmíràn. Aago ń lọ."

"Ìwọ tí o kì í fẹ́ kí n parí ìtàn," mo ní. Mo yí bébà náà sí ojú-ewé kejì.

"Àmì kan wà tí ọmọ náà máa ń fi sára aṣọ. Á ká ìpẹ̀kun ọwọ́ rẹ̀ sínú ní ìwọ̀n ìka méjì, á wá fi ṣóńṣó áyọ́ọ̀nù fa ilà kékeré méjì tó pàdé níbi ojú rírán. Ẹnì kan ṣoṣo ló kọ́ ọ, lórí tábìlì ìdáná, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún méjìlá. Ó ń fi í sí aṣọ náà kí ìyá rẹ̀ lè rí i. Láràárọ̀ ni agbẹ̀bí ń kì ọwọ́ bọ aṣọ yẹn."

Ìlà tó kù, n kò kà á. Bí mo ṣe gbé bébà náà sókè, ọwọ́ búláòsì mi wà níwájú mi gan-an, kò tó ìwọ̀n ìka mẹ́wàá sí ojú mi. Ilà méjì wà níbẹ̀. Wọ́n pàdé níbi ojú rírán.

Gbogbo oṣù mẹ́fà yẹn ni mo ti ń rí ilà náà lára àwọn aṣọ mi. Ohun tí mo rò ni pé ilà tèmi àtijọ́ ni, èyí tí èmi fúnra mi ti tẹ̀ mọ́ wọn lára fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí alágbàfọ̀ kàn ń tẹ̀ lé ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n tuntun ni búláòsì yìí. Áyọ́ọ̀nù mi kò kàn án rí.

Mo yí ọwọ́ kejì wò. Ilà méjì. Mo gbé bébà náà sílẹ̀.

"Ta ni kò mọ̀ nínú yín?" mo béèrè. "Kí ẹni tí kò mọ̀ nawọ́."

Kò sí ọwọ́ kankan. Àwọn mọ́kànlá jókòó síwájú mi, wọ́n ń wo ibi gbogbo àyàfi ojú mi. Mo wá rántí àwòrán tí mo yà sójú pátákó ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ènìyàn tó kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn. Abájọ tí wọ́n fi ń yí orí.

"Láti ìgbà wo?"

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́," Aránṣọ ní.

"Láti ìgbà wo ni mo bi yín."

Awakọ̀ ló dáhùn. "Ó ti tó oṣù márùn-ún. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i, mo lọ já ẹrù níbẹ̀. Ó jọ yín débi pé mo kí i ní Tíṣà kí n tó mọ̀. Mo wá sọ fún àwọn yòókù. Ó bẹ̀ wá. Ó ní òun fúnra òun máa sọ fún yín."

Oṣù márùn-ún. Ogún Sátidé, ó kéré tán, tí mo ti dúró sí ibi tí mo dúró sí yẹn, tí mò ń sọ fún wọn pé ọmọ mi ti ń kọ́ nípa ìwọ̀n oògùn, tí wọ́n ń dáhùn pé ẹ kú oríire.

Alágbàfọ̀ dìde lẹ́bàá fèrèsé. Ó mú báàgì aṣọ mi lọ́wọ́.

"Tíṣà," ó ní, "ẹ jẹ́ ká lọ."

Ọkọ̀ Awakọ̀ ló gbé wa, àwa mẹ́ta níwájú. A kọjá lórí afárá, a yà sí òpópónà kan tí àwọn aṣọ bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ń gbẹ lórí okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ilé náà ní ilẹ̀kùn onígíláàsì níwájú, àti ilẹ̀kùn irin lẹ́yìn. Ti ẹ̀yìn ni bàbá mú mi gbà. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ mi kọ̀. Ooru náà kọ́kọ́ kàn mí lójú, òórùn ọṣẹ tẹ̀ lé e, àti ti owú tó fẹ́ jó. Kò yí padà rárá. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, òórùn kan náà.

"Ẹ wọlé, kò sí nǹkan kan," bàbá ní jẹ́jẹ́. Òun dúró síta.

Mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún wọlé, mo gbé òsì tẹ̀ lé e.

Tábìlì mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Méjì ṣófo. Ní ìkẹta, ọmọ mi kọ ẹ̀yìn sí mi. Ẹsẹ̀ kan ló fi dúró, ó gbé èkejì lé ọrùn ẹsẹ̀, bó ti máa ń ṣe láti kékeré bó bá ń ronú. Ó ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin kan. Ṣẹ́ẹ̀tì bíi mẹ́wàá ti wà lórí ìkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì sí ilà méjì lọ́wọ́ ọ̀kankan nínú wọn.

"Bàbá, ẹ tètè dé lónìí," ó ní láì bojú wẹ̀yìn. "Ṣé wọ́n ti kà á?"

Mo di etí tábìlì tó ṣófo mú.

"Bàbá?"

Ó yí padà. Ó kọ́kọ́ gbé áyọ́ọ̀nù dúró kí ẹnu rẹ̀ tó là sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ́ ọ: bí ilé bá ń wó pàápàá, kọ́kọ́ gbé áyọ́ọ̀nù dúró.

"Ẹ káàsán, mà," ó ní.

"Káàsán," mo ní.

A kí ara wa bí ẹni tó pàdé ní ẹnu ọ̀nà báńkì. Àwa méjèèjì dúró, tábìlì wà láàárín.

"Ìwọ lo kọ ọ́?"

"Èmi ni. Bàbá ló dà á kọ, kí ẹ má baà mọ ọwọ́ ìkọ̀wé mi."

Nínú gbogbo ohun tó yẹ kí n béèrè, ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Kí ló dé tí o fi sọ mí di agbẹ̀bí?"

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ tún ara yín bí."

Mo fa àga kékeré kan, mo jókòó.

"Mo rò pé ẹ máa mọ̀ ní ìlà kejì," ó ní. "Ibi tí apá ti ń dùn ún."

"Ojú-ewé kejì ni."

"Ojú-ewé kejì?" Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó gbé e mì. "Màámi, olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni yín."

"Ilé-ẹ̀kọ́ ńkọ́?"

"Wọ́n ti yọ orúkọ mi. Oṣù kẹjọ rèé. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni mo fìdí rẹmi nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀mejì, wọn kì í fi ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ sílẹ̀ fún ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ níbí. Yàrá kan wà lókè, ìyá tó ni ilé iṣẹ́ yìí ló fún mi."

"O wá sílé lẹ́ẹ̀mejì láàárín ìgbà náà. Mo gbé oúnjẹ síwájú rẹ. O ò sọ nǹkan kan."

"Ìgbà àkọ́kọ́, torí kí n lè sọ ọ́ ni mo ṣe wá." Ó mú etí ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó ń tẹ́ ẹ pẹ̀lú ọwọ́. "Mo tiẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní, 'Màámi, ó rẹ̀ mí.' Ṣé ẹ rántí ohun tí ẹ fèsì?"

N kò rántí. Èmi tí mo rántí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

"Ẹ ní, 'Ó rẹ̀ ọ́? Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá.' Ẹ sì sọ ọ́ láti ọjọ́ kìíní títí dé orí àpá kẹfà. Ẹ ká ọwọ́ aṣọ yín sókè, ẹ fi wọ́n hàn mí lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ẹ fi máa parí, àkókò ọkọ̀ mi ti tó." Kò gbé ohùn sókè. "Ìyà yín pọ̀ nínú ilé, Màámi. Kò ku àga tí tèmi máa jókòó sí."

Mo fẹ́ sọ pé irọ́ ni. Mo fẹ́ sọ pé nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń sọ ọ́, kí ó lè ní okun.

"Kí ló wá dé tó fi jẹ́ ibí?" mo béèrè. "Nínú gbogbo iṣẹ́ tó wà láyé."

"Mò ń wá ibi tí ẹ ò ní bá mi dé. Mo wá a yí gbogbo ìlú ká. Ibí nìkan ló wà, torí ẹ ti búra." Ó na ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì náà. "Lẹ́yìn oṣù kan, bàbá gbé báàgì kan wọlé. Mo tú u, mo rí síkẹ́ẹ̀tì eérú yín. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo rò pé ẹ ti mọ̀, pé ẹ fẹ́ fi bá mi wí ni. Bàbá ní rárá, èjìká ló ń dùn yín. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ilà méjì yẹn sí i. Mo ní ẹ máa rí i lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ ò rí i. Mo ní ó di ọ̀sẹ̀ kejì. Nígbà tí agolo ìpara dé, mo ní ó tán, ẹ ti rí i. Bàbá ní ẹ kàn ń dúpẹ́ ni."

Agolo náà wà lórí fèrèsé lẹ́yìn rẹ̀. Ìdérí rẹ̀ ṣí. Ó ti lò ó títí ó fi kan ìdí.

"Mú ọwọ́ rẹ wá," mo ní.

Ó nà án sí mi lórí tábìlì. Mo yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn. Mo ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè títí dé ìgbọ̀nwọ́, òsì àti ọ̀tún. Mò ń wá ojú iná. Ní oṣù kìíní tèmi, mo ti ní méjì. Ní oṣù keje, mo ti ní mẹ́ta. Kò sí ọ̀kan ṣoṣo lára rẹ̀. Awọ ọwọ́ rẹ̀ dán, ó ń gbóòórùn ìpara.

"Kò jó ọ rí?"

"Ẹ ti fi gbogbo ibi tí iná wà hàn mí," ó ní. "Ojoojúmọ́ lẹ fi ń hàn mí."

N kò mọ bóyá ọpẹ́ ni tàbí ẹ̀bi. Mo ti kọ́ àwọn ẹlòmíràn bí a ṣe ń mọ ìyàtọ̀ fún ọdún mẹ́rìndínlógún, n kò sì mọ̀ ọ́n. Mo di ọwọ́ náà mú, n kò fi í sílẹ̀. Láti ìta, mo gbọ́ tí Awakọ̀ ń bi bàbá bóyá kí òun máa lọ, tí bàbá ní kó dákẹ́ ẹnu.

"Ẹ ń bínú, Màámi?"

"N kò tíì mọ̀. Ẹ̀rù bà mí ni." Òótọ́ ni. "Mo ti gbọ́ tìrẹ lẹ́nu ara mi lónìí, mo sì ń bú ẹni tó wà nínú rẹ̀. Sọ ọ́ fún mi lẹ́nu rẹ. Bẹ̀rẹ̀ látorí ọjọ́ tó kọ́kọ́ rẹ̀ ọ́."

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo bóyá omi ti hó. Lẹ́yìn náà ó gba ọwọ́ rẹ̀ padà, ó gbé áyọ́ọ̀nù, ó sì tẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì náà, nítorí iṣẹ́ àwọn oníbàárà kò lè dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bó ti ń lọ ọ́. Ó sọ nípa yàrá tí wọ́n fi àwọn mẹ́rin sí. Ó sọ nípa olùkọ́ kan tó máa ń ka máàkì sókè pẹ̀lú orúkọ. Ó sọ bí ó ṣe ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí kàwé tí ọ̀rọ̀ kò wọlé, àti bí ó ṣe ń gbé fóònù ní ọjọ́ Àìkú, tó máa kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín lójú dígí kí ó tó tẹ nọ́ńbà mi.

Ìgbà mẹ́rin ni mo la ẹnu láti sọ bó ṣe rí nígbà tèmi. Mo kà á. Ìgbà mẹ́rin ni mo pa á dé. Nígbà karùn-ún ó rí mi, ó dá áyọ́ọ̀nù dúró lófuurufú.

"Ẹ sọ ọ́," ó ní.

"Rárá," mo ní. "Ọwọ́ aṣọ yẹn ló kù. Máa bá tìrẹ lọ."